Chip àyẹ̀wò ìtọ̀ fún aláboyún níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò ti dáa, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ_Ìbàràpá

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Electrical engineering ni mò ń kà, mo ti wà ní ọdún àṣekágbá, ọ̀gá tó ń bójú tó prójẹ́ẹ̀tì mi sì ti gbà pé kí n pa nǹkan méjì pọ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti láàbù kékeré orí chip. Ìlú ìyá mi wà lápá Ìbàràpá, hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà kan wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀ àmọ́ láàbù ò sí. Aláboyún tó bá fẹ́ ṣàyẹ̀wò ìtọ̀ tó yè kooro, àfi kó wọkọ̀ lọ sí Igbó-Ọrà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í lọ torí owó ọkọ̀, torí oko, torí ọmọ tó wà nílé. Mo fẹ́ ṣe chip kan tí wọ́n á kán ìtọ̀ sí, fóònù nọ́ọ̀sì á ya fótò ẹ̀, fótò yẹn á lọ bá dókítà ní Ìbàdàn, òun á fèsì.

Ibi tó ti le ni pé 2G nìkan ló wà níbẹ̀, òun náà ń lọ ó ń bọ̀, tó bá wá di ọjọ́ ọjà kọ́ọ̀lù gan-an ò ní wọlé. Mo wá ń rò ó pé kí n ṣe dísáìnì link microwave (rédíò tó ń gbé dátà láti orí òpó kan dé orí òpó kejì) láti ibẹ̀ lọ sí ìlú tí fíbà, wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì, wà, nǹkan bí 20 kìlómítà. Ní ti chip, PDMS, róbà rírọ̀ kan tó mọ́ gaara, ni mo fẹ́ lò, channel (ọ̀nà tóóró tí omi ń gbà) tó fẹ̀ tó 100 micron, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà, pẹ̀lú pọ́ǹpù kékeré tó ń lo bátìrì. Ṣé ọ̀nà tí mò ń gbà yìí dáa àbí mo ti ń gbé e gba ibi tó jìn? Kí sì ni kí n kọ́kọ́ ṣe nínú méjèèjì, torí àkókò ò fi bẹ́ẹ̀ sí.

Ẹ̀gbọ́n_Òpó

Àbúrò, o kú làákàyè, ohun tó o fẹ́ ṣe yìí dùn mọ́ mi nínú gan-an. Iṣẹ́ transmission, gbígbé ohùn àti dátà láti òpó dé òpó, ni mò ń ṣe láti ayé ìgbà tí GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní 2001, jẹ́ ká kọ́kọ́ fi ìṣirò wò ó ká tó sọ̀rọ̀ òpó.

Kí lo fẹ́ gbé lọ? Fótò kan látinú fóònù ayé ìsinsìnyí lè tó 2 MB. SMS kan ń gba lẹ́tà 160, inú báìtì 140 ni gbogbo ẹ̀ wà. Tó o bá fi 140 pín fótò yẹn, ó ju SMS 14,000 lọ. Ká ní 2G ibẹ̀ ń gbé kilobit 40 ní sẹ́kọ́ńdì kan, fótò kan á gba bí ìṣẹ́jú méje, ìyẹn tí ò bá já láàárín, tó bá sì já, ọ̀pọ̀ ápù á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí ni dókítà yẹn fẹ́ mọ̀ gan-an? Nọ́ńbà aláboyún, èsì ìtọ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, ọjọ́ àti aago. Gbogbo ẹ̀ ò tó lẹ́tà 60. SMS ẹyọ kan á gbé e, àyè á sì tún kù.

Ó sì nídìí tí SMS fi ń lọ nígbà tí kọ́ọ̀lù ò lọ. Òpó 2G kékeré tó ní TRX (rédíò) méjì, timeslot 16 ló ní, ìyẹn àyè 16 tí wọ́n pín àkókò sí, tá a bá yọ méjì fún signalling, ọ̀nà tí fóònù àti òpó fi ń bá ara wọn ṣètò, ó ku 14 fún ohùn. Erlang, ará Dẹ́ńmáàkì tó ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù Copenhagen, ti ṣe ìṣirò yìí sílẹ̀ fún wa, pépà ẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1909, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ jù jáde ní 1917. Àyè ohùn 14, tó o bá fẹ́ kó jẹ́ pé kọ́ọ̀lù méjì péré ló kùnà nínú ọgọ́rùn-ún, 8.2 Erlang ló lè gbé (Erlang kan ni kọ́ọ̀lù kan tó gba wákàtí kan gbáko). Ká ní ẹnì kọ̀ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú méjì nínú wákàtí kan, èèyàn bí 245 nìyẹn. Èèyàn mélòó ló ń wá sọ́jà ìlú yín? Ìdí nìyẹn tí kọ́ọ̀lù fi ń kùnà. SMS ò gba orí 14 yẹn kọjá, ọ̀nà signalling ló ń gbà, tí fóònù ẹni tó fẹ́ gbà á bá sì kú, inú SMSC, kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń tọ́jú SMS, ló máa dúró sí títí wọ́n á fi tan fóònù náà.

Tó bá jẹ́ pé o ṣì fẹ́ ṣe link yẹn fún máàkì, ó dáa, ìṣirò ẹ̀ dùn. 20 kìlómítà ní 7 GHz, ohun tó máa sọnù sínú afẹ́fẹ́ lásán jẹ́ 135.4 dB (dB la fi ń ka bí agbára rédíò ṣe ń pọ̀ sí i tàbí dín kù, dBm ni agbára náà fúnra ẹ̀, dBi ni bí díìṣì ṣe ń kó o jọ sójú kan). Fi 25 dBm ránṣẹ́, díìṣì 1.2 mítà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fún ọ ní bí 36 dBi lọ́kọ̀ọ̀kan, yọ 2 dB fún kébù àti kọ̀nẹ́tọ̀, ohun tó máa dé lódìkejì jẹ́ bí −40 dBm. Tí rédíò ẹ bá lè gbọ́ −75, o ní 35 dB lọ́wọ́ fún ọjọ́ burúkú, ìyẹn pọ̀ dáadáa. Ìyọnu tó wà níbẹ̀ ni gíga òpó. Láàárín ọ̀nà, Fresnel àkọ́kọ́, ìyẹn àyè yíká ìlà rédíò tí nǹkan ò gbọ́dọ̀ dí, fẹ̀ tó mítà 14.6 láti àárín dé etí, ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀ tó gbọ́dọ̀ mọ́ jẹ́ 8.8, ayé tó rí roboto tún gba bí mítà 6 lé e. Àròpọ̀ ẹ̀ ń lọ sí mítà 15 lókè orí igi tó ga jù, tí igi tíìkì yẹn bá wá jẹ́ mítà 20, òpó mítà 35 lo máa rì ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ìyẹn tí ilẹ̀ bá tẹ́jú.

Má sì lọ mú 23 GHz torí pé díìṣì ẹ̀ kéré o. Nínú òjò 100 mìlímítà ní wákàtí kan, 23 GHz á pàdánù ju 10 dB lọ ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan, 7 GHz ò ní pàdánù tó 2. Ọ̀jọ̀gbọ́n G. O. Ajayi ní Ifẹ̀ lọ́hùn-ún ti wọn bí ẹ̀kán òjò tiwa ṣe ń tóbi sí, òun àti Olsen gbé e jáde ní 1985, torí ìṣirò tí wọ́n gbé lé òjò ilẹ̀ olótùútù ò bá tiwa mu. Máa rántí orúkọ yẹn, wàá rí i nínú iṣẹ́ àwọn tó ń ṣe link nílẹ̀ olóoru káàkiri.

Ṣùgbọ́n òpó méjì, ìwé àṣẹ fírékúẹ́ǹsì lọ́wọ́ NCC (àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀), sólà, bátìrì, ẹni tó máa ṣọ́ ọ lóru, torí SMS díẹ̀ lójúmọ́? Rárá o. Owó yẹn, ẹ fi ra ẹ̀rọ ìfúnpá fún hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà náà.

Ìyá_Láàbù

Ẹ̀gbọ́n_Òpó ti sọ ìdajì ọ̀rọ̀ mi. Ọmọ mi, èmi ti bá ìtọ̀ ṣiṣẹ́ pẹ́ ní láàbù ilé ìwòsàn, ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kó o dáhùn kó o tó fọwọ́ kan ohunkóhun: kí ni chip ẹ fẹ́ ṣe tí strip tí wọ́n ń kì bọ ìtọ̀ ò lè ṣe? Torí strip wà lọ́jà, kò wọ́n, nọ́ọ̀sì mọ̀ ọ́n lò. Tó bá jẹ́ pé ohun kan náà lo fẹ́ ṣe lórí PDMS pẹ̀lú pọ́ǹpù, o kàn sọ nǹkan tó rọrùn di èyí tó le ni.

Mo máa sọ ibi tí strip ti kù díẹ̀ káàtó. Obìnrin tó mu omi púpọ̀ láàárọ̀, ìtọ̀ ẹ̀ á ṣàn, protein inú ẹ̀, èyí tí a fi ń ṣọ́ gìrì aboyún, á dà bíi pé kò sí. Èyí tó ti ṣiṣẹ́ nínú oòrùn tí ò mu omi, ìtọ̀ ẹ̀ á ki, strip á yí àwọ̀ padà, wọ́n á dẹ́rù bà á lásán. Ìyẹn la ṣe ń wọn creatinine, ìdọ̀tí tó ń ti inú iṣan ara wá sínú ìtọ̀, pọ̀ mọ́ ọn ní láàbù, torí creatinine ń fi bí ìtọ̀ ṣe ki tó hàn wá. Tí a bá fi creatinine pín protein tó sì tó 0.3, mìlígíráàmù sí mìlígíráàmù, ọ̀rọ̀ ti di pàtàkì nìyẹn, ó dúró fún 300 mìlígíráàmù nínú ìtọ̀ wákàtí 24. Kò sí strip lásán tí nọ́ọ̀sì abúlé á fojú wò tó máa fún un ní nọ́ńbà yẹn dáadáa. Tí chip tìẹ bá lè wọn méjèèjì lórí bébà kan náà, mo gbà, o ti ṣe nǹkan.

Mo sọ bébà o, mi ò sọ PDMS. Ní 2007, Martinez àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní láàbù Whitesides ní Harvard ya ọ̀nà tóóró sórí bébà tí a fi ń sẹ́ omi, ìtọ̀ ẹ̀kán kan á pín ara ẹ̀ lọ síbi tí kẹ́míkà ṣúgà wà àti ibi tí kẹ́míkà protein wà, láìsí pọ́ǹpù kankan, bí òwú àtùpà ṣe ń fa kẹrosíìnì náà ló ń fa ìtọ̀. Ní 2008 wọ́n tún gbé òmíràn jáde, fóònù oníkámẹ́rà ló ya bébà yẹn, wọ́n fi fótò ránṣẹ́ sí ẹni tó mọ̀ ọ́n kà lọ́nà jíjìn. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ prójẹ́ẹ̀tì ẹ gan-an, lọ kà á. Àmọ́ nígbà yẹn ojú èèyàn àti kọ̀ǹpútà lódìkejì ló ń ka àwọ̀ náà, lónìí fóònù tó wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì lè kà á fúnra ẹ̀.

Ìda lo máa fi ṣe ògiri ọ̀nà náà. Kò pọn dandan kó o ní pírińtà olówó ńlá, gbẹ́ irin sí àwòrán tó o fẹ́, kì í bọ ìda tó yọ́, tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà, gbé bébà náà sórí ohun gbígbóná díẹ̀ kí ìda wọnú ẹ̀ dé ìdí. Fún protein, tetrabromophenol blue pẹ̀lú citrate, á kúrò ní yẹ́lò bọ́ sí búlúù. Fún creatinine, ọ̀pọ̀ láàbù ń lo ọ̀nà Jaffe, picric acid ló wà nínú ẹ̀. Ẹ dákun, ẹ fetí sí mi níbí: picric acid tó bá gbẹ máa ń bú gbàù. Inú omi ni wọ́n ń tọ́jú ẹ̀, ọ̀gá láàbù nìkan ni kó ṣí ìgò ẹ̀, ìwọ ọmọ ẹ́ńjìníà má dá fọwọ́ kàn án.

Akin_Manchester

Ẹ kú iṣẹ́ ma, ẹ kú iṣẹ́ sà. Microfluidics, iṣẹ́ omi nínú ọ̀nà tóóró orí chip, ni mò ń ṣe níbí, ẹ jẹ́ kí n dá sí i díẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ tó jẹ́ ọmọ electrical, o ti mọ ìdajì dísáìnì chip, o kàn ò tíì mọ̀ pé o mọ̀ ọ́n ni. Pressure dúró fún volt, omi tó ń ṣàn dúró fún current, channel jẹ́ resistor, òfin Kirchhoff, pé ohun tó wọlé gbọ́dọ̀ bá ohun tó jáde dọ́gba, ṣì ń ṣiṣẹ́ níbi tí ọ̀nà bá ti pín. Ṣùgbọ́n resistance yẹn ń tẹ̀lé gíga channel lọ́nà tó burú, tó o bá gé gíga ẹ̀ sí méjì, resistance á di ìlọ́po mẹ́jọ. Torí náà bí mọ́ọ̀dù ẹ bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, ìtọ̀ tó ń lọ sí apá protein àti èyí tó ń lọ sí apá creatinine ò ní dọ́gba mọ́, ìṣirò ẹ á sì dàrú.

Nǹkan kejì ni ìdàpọ̀. Nínú channel 100 micron tí omi ń rìn ní mìlímítà kan ní sẹ́kọ́ńdì, nọ́ńbà Reynolds, èyí tó ń sọ bóyá omi á dà rú àbí á rìn wọ́ọ́rọ́wọ́, jẹ́ bí 0.1, omi méjì á rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láìpòpọ̀, àfi tí molecule bá fúnra ẹ̀ rìn kọjá. Ìyẹn á gba bí sẹ́kọ́ńdì mẹ́wàá fún molecule kékeré ní 100 micron, tó o bá sọ ọ́ di mìlímítà kan, ó di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, ó ju ìṣẹ́jú 16 lọ. Ìdí nìyẹn tí Stroock àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ fi gbẹ́ àwòrán egungun ẹja sí ìsàlẹ̀ channel ní 2002 kí omi lè máa yí. Nínú bébà, kẹ́míkà ti gbẹ sílẹ̀, ìtọ̀ ló ń wá bá a, o ò nílò gbogbo ìyẹn. PDMS ní iṣẹ́ tiẹ̀, èmi gan-an ń lò ó lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n o máa nílò mọ́ọ̀dù SU-8 (kẹ́míkà tí iná ń mú le), ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde, ẹ̀rọ plasma tí wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì. Ṣé gbogbo ẹ̀ wà ní yunifásítì yín?

Mo tún fara mọ́ ohun tí Ẹ̀gbọ́n sọ nípa nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹgbẹ́ olùwádìí Samuel Sia ní yunifásítì Columbia ní Amẹ́ríkà gbé ẹ̀rọ kékeré kan lọ sí Rwanda, pépà ẹ̀ jáde ní 2015. Ihò earphone ni wọ́n kì í sí, láti ihò yẹn ló ti ń gba iná, ibẹ̀ náà ló ti ń fi èsì ránṣẹ́ sínú fóònù. Róbà tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀ ló ń fa ẹ̀jẹ̀ kọjá, kò sí pọ́ǹpù oníná. Ìṣẹ́jú 15, ó ti sọ èsì HIV àti syphilis, wọ́n dán an wò lára èèyàn 96, owó tí wọ́n ní wọ́n lè fi ṣe ẹ̀rọ náà jẹ́ dọ́là 34. Ibi tí mo fẹ́ kó o wò níbẹ̀ ni pé ẹ̀rọ náà fúnra ẹ̀ ló sọ èsì níbi tí aláìsàn wà. Èyí tí wọ́n ṣe ní yunifásítì Case Western ní Cleveland, Amẹ́ríkà, fún àyẹ̀wò AA, AS àti SS, tí wọ́n gbé lọ dán wò ní Kano, bákan náà ni, orí bébà ni hemoglobin, ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀, ti ń pín, ẹ̀rọ á kà á níbẹ̀. Kò dúró de nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ọmọ_Ìbàràpá

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun gan-an ni, mo kúnlẹ̀. Mo ti ń rí ọ̀nà. Ohun tó yé mi báyìí ni pé kí n fi bébà ṣe e, apá méjì, protein àti creatinine, kí fóònù ka àwọ̀ níbẹ̀ kó ṣírò ẹ̀, kó fi SMS gbé èsì lọ, kí fótò dúró sínú fóònù títí dìgbà tí nọ́ọ̀sì bá dé ibi tí Wi-Fi wà. Ìbéèrè méjì ló kù o. Ìkíní, tí SMS ò bá lọ, ṣé nọ́ọ̀sì á wá dúró ni? Ìkejì, iná inú yàrá yẹn ò dọ́gba, nígbà míì fèrèsé, nígbà míì tọ́ọ̀ṣì, báwo ni fóònù ṣe máa mọ búlúù tó jẹ́ òótọ́?

Ìyá_Láàbù

Kò gbọdọ̀ dúró o! Ìfúnpá ni kó kọ́kọ́ wọ̀n. Tó bá ti tó 140/90 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20, kí wọ́n máa ṣọ́ obìnrin náà lójú méjèèjì. Tó bá tó 160/110, kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, yálà bébà sọ̀rọ̀ àbí kò sọ̀rọ̀, yálà nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà àbí kò sí. Bákan náà ni tó bá ní orí ń fọ́ òun gan-an tàbí ojú òun ń ṣú. Gìrì aboyún kì í dúró de SMS. Kọ ọ́ sínú ápù yẹn kó jẹ́ ojú ìwé àkọ́kọ́, kí nọ́ọ̀sì má lè dé ibi ìtọ̀ láìtẹ ìfúnpá sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n_Òpó

Gbayì, ìyá mi. Àbúrò, ohun tó sọ yẹn gan-an ni ká máa fi ṣe dísáìnì nẹ́tíwọ́ọ̀kì: àkọsílẹ̀ àti ìmọ̀ràn lẹ́yìn ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń gbé, kì í ṣe ẹ̀mí obìnrin náà. Fún SMS kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tẹ̀léra. Kí sáfà ní Ìbàdàn fi nọ́ńbà yẹn fèsì pé ó ti dé, tí fóònù ò bá gbọ́ èsì, kó dúró ìṣẹ́jú kan kó tún un fi ránṣẹ́, lẹ́yìn ìyẹn ìṣẹ́jú méjì, mẹ́rin, kó má kàn máa da SMS lu òpó tó ti kún tẹ́lẹ̀. Tí ẹyọ kan náà bá dé lẹ́ẹ̀mejì, nọ́ńbà yẹn ni sáfà á fi mọ̀ pé ọ̀kan ni. Má fi orúkọ èèyàn síbẹ̀ rárá, nọ́ńbà káàdì nìkan, torí SMS ò ní bòńkẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀, òfin ìdáàbòbò dátà tiwa sì ti wà láti 2023. Tún fi iye bátìrì fóònù àti nọ́ńbà ìdìpọ̀ bébà kún un, wàá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ tí ìdìpọ̀ bébà kan bá bàjẹ́ tó o fẹ́ mọ ẹni tí wọ́n fi ṣàyẹ̀wò fún.

Akin_Manchester

Ní ti iná, má gbẹ́kẹ̀ lé yàrá. Kó páálí dúdú ṣe àpótí kékeré, ihò kan lókè fún kámẹ́rà, fláàṣì fóònù nìkan ni kó tàn nínú ẹ̀. Tẹ àwọ̀ tó o ti mọ iye ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi àyẹ̀wò lórí bébà kan náà, funfun kan, lẹ́yìn náà 30, 100 àti 300 mìlígíráàmù ní dẹ́sílítà kan, kí fóònù máa fi àwọ̀ àyẹ̀wò wé ìwọ̀nyí, kó má ka RGB, iye pupa, aláwọ̀ ewé àti búlúù, lásán. Ti exposure (bí iná ṣe ń wọ kámẹ́rà tó) àti white balance (bó ṣe ń mọ funfun) pa nínú kóòdù ẹ, fóònù onílàákàyè fẹ́ràn kó máa tún àwọ̀ ṣe láìbéèrè.

Àkókò náà ṣe pàtàkì. Nínú bébà, tí ìtọ̀ bá lo ìṣẹ́jú kan láti rin sẹ̀ǹtímítà kan, á lo mẹ́rin kó tó rin méjì, ọ̀nà tó gùn ò dáa. Lásìkò ọyẹ́ bébà á yára gbẹ, lásìkò òjò á pẹ́, torí náà bo orí ẹ̀ pẹ̀lú téèpù kí ojú ibi tí ìtọ̀ ń wọ̀ nìkan ṣí sílẹ̀, kí aago inú ápù sì sọ ìgbà tí wọ́n gbọ́dọ̀ ya fótò.

Ìyá_Láàbù

Kó o tó gba ìtọ̀ lọ́wọ́ aláboyún kankan, ìwé ethics, ìwé àṣẹ láti fi èèyàn ṣe ìwádìí, ni kó o kọ́kọ́ gbà. Ní báyìí ná, ra albumin, protein tí wọ́n ń tà, pò ó mọ́ omi ní ìwọ̀n oríṣiríṣi láti 0 dé 300, fi creatinine tó o mọ iye ẹ̀ sí i, kán wọn sórí bébà ẹ, yà á, kọ nọ́ńbà ẹ̀ sílẹ̀. Tún un ṣe lọ́jọ́ tí òjò rọ̀ àti lọ́jọ́ tí oòrùn mú. Lẹ́yìn náà mú omi kan náà lọ sí láàbù tó ní ẹ̀rọ gidi kí wọ́n bá ọ kà á, kó o fi méjèèjì wéra. Tó o bá ti ní graph yẹn, gbé e síbí, màá bá ọ wò ó.

Ọmọ_Ìbàràpá

Ó ti yé mi ma. Màá lọ bá ọ̀gá láàbù kẹ́mísìrì nípa albumin àti picric acid yẹn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, irin tí màá fi tẹ ìda ni mo fẹ́ kọ́kọ́ lọ gbẹ́ lọ́dọ̀ àwọn wẹ́dà. Ẹ̀gbọ́n, ìṣirò link yẹn náà ò ní ṣòfò, màá kọ ọ́ sínú orí kan nínú prójẹ́ẹ̀tì láti fi hàn wọ́n ìdí tí mi ò fi rì òpó.